Alájọ Ṣómólú àti Kasínò Inú Fóònù

Ohun tí àwọn Yorùbá fi ń wọn ìwà ènìyàn kò ṣòro mọ̀: ohun tí aládùúgbò lè fi lé e lọ́wọ́, kí ó padà sílé, kí ó sì sùn wọra. Ẹni tí ìyá lè fi ọmọ tì, tí ọ̀gá lè fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lé lọ́wọ́, tí ajigbèsè lè bẹ̀ pé kí ó bá òun mú owó dé ọ̀dọ̀ olówó, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò nílò alágbàwí mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà kì í fi í ka ìwà sí ọ̀rọ̀ inú ẹni nìkan. Òótọ́ ni pé inú ni ìwà ń gbé, ṣùgbọ́n ìta ni wọ́n ti ń mọ̀ ọ́n, àwọn tó sì ń mọ̀ ọ́n ni ìyàwó, ọmọ, ọ̀gá, onílé, oníbàárà, àti ẹgbẹ́ tí ènìyàn ń bá dá owó.

Ní Ṣómólú, ní Èkó, àpẹẹrẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò jìnnà. Alphaeus Taiwo Olunaike ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìsọnyìn ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí wọ́n bí ní ọdún 1915, tó ṣe iṣẹ́ télọ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba àjọ, tó sì jáde láyé ní ọdún 2012. Àwọn tó mọ orúkọ yẹn kò pọ̀. Alájọ Ṣómólú ni gbogbo ayé ń pè é, orúkọ náà sì ti wọ inú èdè débi pé bí wọ́n bá fẹ́ yin ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ pé ní Ìbàdàn tàbí ní Àkúrẹ́, ọmọ tí kò dé Ṣómólú rí, wọn a ní orí rẹ̀ pé bí orí alájọ Ṣómólú, ẹni tó gba àjọ fún ọgbọ̀n ọjọ́ láìkọ nǹkan kan sílẹ̀, tó sì dá owó oníkálukú padà láìṣì. Wọ́n tún máa ń fi í ṣe ẹ̀fẹ̀ pé ó ta mọ́tò, ó fi owó rẹ̀ ra kẹ̀kẹ́. Ẹni tó bá mọ bí ojú ọ̀nà inú Ṣómólú ṣe há tó kò ní rẹ́rìn-ín púpọ̀, nítorí ibi tí kẹ̀kẹ́ ń gbà dé ẹnu ìsọ̀ aláta, mọ́tò kò lè gba ibẹ̀.

Ó jọ pé ìyìn orí pípé yìí ti bo ohun tó tóbi jù ú lọ mọ́lẹ̀. Olè pàápàá lè ní orí pípé: ẹni tó rántí iye tí gbogbo ọjà dá, tó sì gbé e sá lọ ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, kò ṣì í kà rárá. Ohun tó mú kí orúkọ bàbá náà ta yọ ni pé lọ́jọ́ tó yẹ kí owó dé, owó dé, lóṣooṣù, fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, sọ́wọ́ àwọn tí kò ní ìwé kankan tí wọ́n lè fi pè é lẹ́jọ́.

Ètò àjọ fúnra rẹ̀ kò díjú. Ẹni tó bá fẹ́ máa dá 1,000 náírà lójúmọ́ yóò máa fi lé alájọ lọ́wọ́, alájọ yóò sì máa fi àmì sí káàdì rẹ̀. Bí oṣù bá parí tí ó sì ti dá 30,000, ó gba 29,000. Owó ọjọ́ kan jẹ́ ti alájọ. Owó ẹsẹ̀ ni, owó oòrùn àti owó òjò, ṣùgbọ́n owó òtítọ́ inú ni pàápàá. Ẹni tó ń dá àjọ sì ń jèrè ohun mìíràn tí kò sí nínú ìṣirò. Lójoojúmọ́ tí alámàlà kan bá nawọ́ owó jáde lójú àwọn oníbàárà rẹ̀, ó ń jẹ́rìí ara rẹ̀ láìlanu. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè kí wọ́n tó tà á ní àpò ìrẹsì láwìn.

Irú owó kéékèèké ojoojúmọ́ yìí gan-an ni kasínò inú fóònù ń wá kiri báyìí.

Tẹ́tẹ́ kì í ṣe àlejò ní Èkó. Àwọn bàbá ìran tó kọjá ta puúlù lórí bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ń fi bírò ṣe àmì sí bébà rẹ̀ bí ẹni tó ń ṣe ìdánwò. Kalokalo, ẹ̀rọ tí wọ́n ń ju owó sínú rẹ̀, gbòde débi pé ìjọba ológun ṣe òfin ní ọdún 1977 tó ka irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ léèwọ̀. Lẹ́yìn náà ni lọ́tò Kessington Adébùtú, tí tolórí tẹlẹ́mù mọ̀ sí Baba Ìjẹ̀bú, di ohun tí nọ́ńbà rẹ̀ ń wà lójú pátákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. NairaBet dé ní 2009, Bet9ja tẹ̀lé e ní 2013, ṣọ́ọ̀bù aláwọ̀ ewé sì kún ojú pópó láti Onípáànù dé Bàrígà. Kò sí èyí tí àwọn onímọ̀ràn kò bá wí nínú gbogbo wọn. Síbẹ̀, ohun kan ṣoṣo pa wọ́n pọ̀: wọ́n ní ojúkò. Díákónì tó bá fẹ́ ta Baba Ìjẹ̀bú ní láti dúró nídìí àpótí akọ̀wé lọ́tò, níbi tí ọmọ ẹgbẹ́ akọrin lè gbà kọjá, níbi tí oníbàárà ìyàwó rẹ̀ lè ti kí i ní orúkọ. Ojú ń tì í. Ó lè ta á síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní dúró níbẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Ìtìjú yẹn ni ọgbà tí àwọn àgbà ṣe yí ìwà ká, nítorí wọ́n mọ̀ pé ènìyàn díẹ̀ ni ó lè dá ṣọ́ ara rẹ̀.

Fóònù ló wó ọgbà náà. Kò sí ohun tí ènìyàn ní láti gbé sórí fóònù kí ó tó ta kasínò. Chrome tàbí Opera Mini tó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á ti tó. Bí ọ̀gá bá yọjú, àtàǹpàkò kan ti pa ojú ìwé náà dé. Bí ìyàwó bá yẹ fóònù wò, kò ní bá àmì kasínò kankan lára rẹ̀. Owó rẹ̀ ń gba táńsífà lọ bí owó dátà, ní ọ̀gànjọ́, nínú ilé tí gbogbo ènìyàn ti sùn. Ohun tí òfin 1977 lé kúrò ní ìkóríta ti wọ inú àpò ṣòkòtò, kò sì nílò kọ́ìnì mọ́.

Bí ó ṣe ń rí ní ọ̀kan nínú àwọn ilé ìtẹ̀wé tó kún òpópónà Ṣípéolú ní Ṣómólú rèé. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Kord ti tẹ ojú kan ìwé ètò ìsìnkú tán. Wọn kò lè yí i padà títí tàdáwà yóò fi gbẹ. Ọmọṣẹ́ tó ń dúró dè é ti jókòó sẹ́yìn òkìtì bébà, òórùn kẹrosíìnì tí wọ́n fi fọ ẹ̀rọ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lójú fóònù rẹ̀, ọkọ̀ òfurufú pupa kékeré kan ń gòkè nínú òkùnkùn, nọ́ńbà sì ń sáré lórí rẹ̀: 1.10, 1.34, 1.90. Iye tí nọ́ńbà bá dé nígbà tí ó tẹ bọ́tìnì ni wọn yóò fi sọ owó rẹ̀ di púpọ̀. Bí ọkọ̀ bá fò lọ kí ó tó tẹ̀ ẹ́, owó ti lọ. Ó fi 200 náírà sí i, ó sì yára tẹ̀ ẹ́ ní 1.52. Ọkọ̀ náà ń gòkè lọ, ó kọjá 14. Èrè tó jẹ kò dùn mọ́ ọn mọ́. Èyí tí kò jẹ ni ó ń ta á lára. Nígbà tó tún ta á, ó ní òun yóò mú sùúrù, ọkọ̀ sì fò lọ ní 1.03. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, orúkọ àwọn tí wọ́n jẹ ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye tí wọ́n jẹ. Ẹni tó bá ń wo ọwọ́ náà láti òkèèrè yóò rò pé ìka ọmọ náà ló ń pinnu ibi tí ọkọ̀ máa dé. Kí tàdáwà tó gbẹ, ó ti fọwọ́ kan 6,000 tí oníbàárà fi sílẹ̀ fún owó bébà.

Ilé iṣẹ́ Spribe, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2018 ní orílẹ̀-èdè Georgia, ló ṣe eré yìí, Aviator sì ni orúkọ rẹ̀. Wọn kò fi ìṣirò rẹ̀ pamọ́: nínú gbogbo 100 náírà tí àwọn ènìyàn bá ta, 97 ni yóò padà sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta á bí a bá pín in dọ́gba lórí àìmọye eré, 3 a sì jẹ́ ti onítẹ́tẹ́. Rúlẹ́ẹ̀tì pàápàá kò yàtọ̀ púpọ̀. Nọ́ńbà 37 ló wà lójú èyí tí wọ́n ń pè ní ti ilẹ̀ Yúróòpù. Bí ẹnì kan bá fi 100 náírà lé gbogbo wọn lórí lẹ́ẹ̀kan náà, 3,700 ni yóò san, 3,600 ni yóò gbà, níbikíbi tó bá wu bọ́ọ̀lù kó dúró sí.

Nǹkan àrà wà nínú ìṣirò yìí. Alájọ tó ń gba ẹyọ ọjọ́ kan nínú ọgbọ̀n ń gba ju 3 lọ nínú 100. Lórí ìwé, alájọ gan-an ni owó rẹ̀ wọ́n jù. Ìyàtọ̀ wà nínú iye ìgbà tí wọ́n ń gbà á. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni alájọ ń gba tirẹ̀, tí ó sì ń dá ìyókù padà lódindi. Kasínò ń gba tirẹ̀ nínú gbogbo eré kọ̀ọ̀kan, eré kan kì í sì í sábà pé ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó ń ta 1,000 náírà léraléra lè ta á ní ìgbà ọgọ́rùn-ún láàárín wákàtí kan tàbí méjì. Nígbà náà, ó ti ná 100,000, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó kékeré kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀, 3,000 sì ni ìpín onítẹ́tẹ́ bí a bá pín in dọ́gba. Iye tí alájọ yóò rìn fún oṣù mẹ́ta kí ó tó gbà nìyẹn. Ìpíndọ́gba yẹn pàápàá ṣàánú jù, nítorí àpò onítẹ́tẹ́ jìn, ti ọmọṣẹ́ kò jìn. Ti ọmọṣẹ́ ti máa ń gbẹ kí oríire tí ìṣirò ṣèlérí tó dé.

Owó ni ó rọrùn jù láti kà nínú àdánù yìí, ìdí nìyẹn tí gbogbo ènìyàn fi ń kà á. Ohun tó ń bá ìwà kò ní nọ́ńbà. Ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá ní Bàrígà ń san iye kan fún ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ lálaalẹ́. Bí ó bá ta kasínò níbi tó ti ń dúró kí ìlà kàn án láti gbérò, tí 4,000 sì bá a lọ, ó di dandan kí ó ní nǹkan tí yóò sọ lálẹ́. Kò ní sọ ohun tí kò ṣeé gbà gbọ́. Yóò ní àwọn agbèrò ló gba owó lọ́wọ́ òun, nítorí pé agbèrò ń gba owó lóòótọ́. Irọ́ àkọ́kọ́ kì í sábà jọ irọ́. Ó máa ń wọ aṣọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́. Ọlọ́kọ̀ gbà á gbọ́, ó tilẹ̀ bá a kẹ́dùn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, táyà ló bẹ́. Nígbà tó yá, ọmọ ló ń ṣàìsàn, ọmọ tó wà nílé ẹ̀kọ́ tó ń ka ìwé rẹ̀, tí kò mọ̀ pé wọ́n ti fi orúkọ òun yá owó.

Láti ibí yìí ni ènìyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún àwọn tí ojú wọn ń ṣọ́ ọ. Alájọ ni ó kọ́kọ́ ń sá fún: kí ó lọ, kí ó padà wá lọ́la, kò tíì tajà. Lẹ́yìn náà ni ìpàdé ẹgbẹ́, lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n tó bá a wá iṣẹ́. Kò sí ẹni tó lé e. Òun fúnra rẹ̀ ló ń kó àwọn ẹlẹ́rìí rẹ̀ dànù lọ́kọ̀ọ̀kan, títí yóò fi ku òun àti fóònù.

Wọ́n sábà máa ń rò pé ẹni tó jẹ bọ́ nínú ewu yìí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun gan-an ló wà nínú ewu jù. Ọmọṣẹ́ tó ń gba 4,000 lójúmọ́, tó wá jẹ 60,000 láàárín ìṣẹ́jú méjì, kò gba owó nìkan. Ó gba ìwọ̀n tuntun tí yóò máa fi wọn ohun gbogbo. Láti ọjọ́ náà, ọ̀sán gbogbo tó fi ń gé bébà tó ń lẹ ẹ̀yìn ìwé di ohun ẹ̀gàn lójú rẹ̀. Ọ̀gá tó lo ọdún mẹ́rin láti mọ bí wọ́n ṣe ń po àwọ̀ títí yóò fi bá ti àpẹẹrẹ mu di ọ̀lẹ tí kò mọ ọ̀nà. Ẹni tó pàdánù lè kọ́gbọ́n. Ẹni tó jẹ ti ní ẹ̀rí lọ́wọ́ pé ọgbọ́n ni òun fi jẹ ẹ́. Sùúrù, tí wọ́n ń pè ní baba ìwà, kì í bá ẹ̀rí irú èyí gbé.

Àwọn tó ń gbèjà eré yìí ní ọ̀rọ̀ tó yẹ kí a gbọ́. Wọ́n ní owó àgbàlagbà ni, kí àgbàlagbà ná an bó ṣe wù ú. Wọ́n ní owó ọ̀yà kò tó san owó ilé ní Èkó, pé ẹni tó bá ń wàásù ìtẹ́lọ́rùn fún ẹni tí onílé ti fún ní ìwé kí ó kó jáde kò mọ ohun tó ń sọ. Èyí kejì yìí wúwo, kò sì yẹ kí ẹni tí inú rẹ̀ yó fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Àìní ló ń lé ọ̀pọ̀ dé ibẹ̀ ju ojúkòkòrò lọ. Ṣùgbọ́n àìní kan náà ló mú kí àwọn ìyá ọlọ́jà máa dá àjọ, wọ́n sì fi í kọ́lé, wọ́n fi í rán ọmọ níwèé. Ti owó àgbàlagbà, ìbá dúró bẹ́ẹ̀ bí ó bá jẹ́ pé owó tirẹ̀ nìkan ló ń ná. 6,000 owó bébà kì í ṣe ti ọmọṣẹ́.

Ìjọba náà ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fagi lé òfin lọ́tìrì tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2005, ó sì ní àwọn ìpínlẹ̀ ló ni àṣẹ lórí lọ́tìrì àti eré oríire. Ìpínlẹ̀ Èkó, tó pe ẹjọ́ náà láti 2008, ní àjọ tirẹ̀ tó ń fún àwọn onítẹ́tẹ́ níwèé àṣẹ. Àjọ bẹ́ẹ̀ lè ní kí ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 má ta á, ó lè bu owó orí. Kò lè jókòó sẹ́yìn òkìtì bébà ní Ṣípéolú.

Àwọn tó jókòó síbẹ̀ ni ọ̀ràn náà ń dé bá. Orí ìdájì owó ni iṣẹ́ ìtẹ̀wé Ṣómólú dúró lé: oníbàárà láti Abẹ́òkúta tàbí Ìjẹ̀bú-Òde yóò fi ìdájì ránṣẹ́ fún ẹni tí kò rí sójú rí, nítorí ẹnì kan sọ fún un pé ibẹ̀ ni kó tẹ̀ ẹ́, wọn kò ní já a kulẹ̀. Ọjọ́ ìsìnkú kì í yí padà. Bí owó bébà bá ti fò lọ nínú ọkọ̀ pupa, ọjọ́ Ẹtì yóò dé, àlejò yóò pé sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọn kò ní rí ìwé ètò gbà lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí ẹni tí yóò dárúkọ ọmọṣẹ́ nígbà náà. Ilé ìtẹ̀wé ni wọn yóò dárúkọ, ẹni tó júwe ibẹ̀ yóò tọrọ àforíjì, bí ó bá sì ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì ní ṣọ́ọ̀bù mìíràn, wọn a ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Ṣómólú ṣe rí. Bákan náà ni ti onídùúró. Ẹni tó fọwọ́ sí ìwé fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni wọ́n ń yọ owó lára oṣù rẹ̀ nígbà tí ọ̀rẹ́ kò bá san, ẹ̀ẹ̀mejì irú rẹ̀ sì ti tó kí àwọn tó kù má fẹ́ fọwọ́ sí ìwé fún ẹnikẹ́ni mọ́, títí kan opó tó fẹ́ fi ẹ̀yáwó ra ẹ̀rọ ata.

Ọ̀nà àbọ̀ wà fún ẹni tó ti já àwọn ènìyàn kulẹ̀, èsúsú ló sì sábà máa ń gbà wá. Bí àwọn méjìlá bá jọ ń dá 10,000 lóṣù, tí ẹnì kan sì ń kó 120,000 lẹ́ẹ̀kan, àwọn tí ọwọ́ wọn mọ́ ni wọ́n ń jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ kó o. Ẹni tí ẹgbẹ́ kò tíì mọ̀, tàbí ẹni tó ti já wọn kulẹ̀ rí tó wá bẹ̀bẹ̀, ìparí ni wọ́n ń fi í sí. Oṣù mọ́kànlá ni yóò fi máa gbé owó tirẹ̀ fún ẹlòmíràn kí ó tó kàn án, lójú gbogbo wọn, ní ìpàdé tí wọ́n ti ń ka owó sórí tábìlì. Bí ó bá dé oṣù kejìlá láìyẹ̀, wọn a fún un ní tirẹ̀ pé, bí wọ́n bá sì tún ń to orúkọ fún àyípo tuntun, wọn a gbé e sí àárín.